Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí a ṣe ń fi rédíọ̀sì mọ ìwọ̀n ojú òbìrípo

Àwọn ọmọ ilé ìwé, òbí wọn, àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀, àwọn wẹ́dà àtàwọn tó ń gbẹ́ kànga ló máa ń gbé àwọn ìbéèrè yìí wá sí kíláàsì ìṣirò wa ní Ẹ̀pẹ́ lemọ́lemọ́. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú. Ẹni tó bá ti mọ ìpìlẹ̀ lè kọjá sí èyí tó kàn án.

Kí ni òbìrípo, kí sì ni rédíọ̀sì?

Ẹ kan èèkàn mọ́lẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ fa okùn náà le dáadáa, kí ẹ wá fi orí rẹ̀ kejì fa ilà yí èèkàn náà ká. Òbìrípo lẹ fà yẹn. Gígùn okùn náà, láti èèkàn dé orí ilà, ni rédíọ̀sì. Ibi yòówù kí ẹ ti wọ̀n ọ́n lórí ilà yẹn, iye kan náà ni.

Dàyámítà ni ìbú òbìrípo láti etí kan dé etí kejì, bí téèpù bá gba àárín gbùngbùn kọjá. Ìlọ́po méjì rédíọ̀sì ni. Àyíká ni gígùn etí rẹ̀ bí èèyàn bá yí i po pátápátá.

Kí là ń pè ní ìwọ̀n ojú?

Bí nǹkan ṣe gba àyè tó ni. A máa ń fi mítà onígun mẹ́rin kà á, ìyẹn àyè tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí ìbú rẹ̀ náà jẹ́ mítà kan. Ìwé ń kọ ọ́ ní m². Bí ẹ bá gbọ́ pé ojú ilé kan jẹ́ 12 m², irú àyè bẹ́ẹ̀ méjìlá ló wà nínú rẹ̀.

Mítà lásán wà fún okùn, igi àti ọ̀nà. Ọmọ tó bá dáhùn ìbéèrè ìwọ̀n ojú pẹ̀lú mítà lásán kò tíì dáhùn rẹ̀ tán.

Báwo ni mo ṣe máa ṣírò rẹ̀?

Ẹ mú rédíọ̀sì, ẹ fi í lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tó jáde lọ́nà páì, tó jẹ́ nǹkan bí 3.142. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé nìyí: ìwọ̀n ojú = π × r × r, tàbí πr².

Ká ní póńdù tàpólì kan ní rédíọ̀sì mítà 1.5. 1.5 lọ́nà 1.5 jẹ́ 2.25. 2.25 lọ́nà 3.142 jẹ́ 7.07. Ojú omi póńdù náà jẹ́ 7.07 m². Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dàyámítà ni ẹni tó ta póńdù fún mi sọ. Ṣé mo lè lò ó bẹ́ẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ pín in sí méjì. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ń rí, èyí ló ń kó èèyàn sí gbèsè jù, torí pé dàyámítà ni àwọn tó ń ta póńdù, táǹkì àti ìkòkò ńlá máa ń pè, rédíọ̀sì sì ni ìṣirò ń béèrè.

Ẹ wo póńdù tí wọ́n pè ní “mítà 3”. Rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1.5, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 7.07 m². Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti pín in, tó fi 3 lọ́nà 3, tó tún fi ohun tó jáde lọ́nà 3.142, á rí 28.28 m². Ìlọ́po mẹ́rin òtítọ́ nìyẹn. Bó bá wá fi ìwọ̀n yìí ra ọmọ ẹja, ìlọ́po mẹ́rin iye ẹja tí omi yẹn lè gbà ló máa kó sínú rẹ̀. Ẹja á há mọ́ra wọn, omi á tètè bàjẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ẹni tí kò bá fẹ́ pín rárá lè fi dàyámítà lọ́nà ara rẹ̀, kó wá fi ohun tó jáde lọ́nà 0.7854. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. 9 lọ́nà 0.7854 jẹ́ 7.07. Ibì kan náà ló já sí.

Kí ni páì gan-an? Ṣé 22/7 ni?

Páì ni iye ìgbà tí dàyámítà wọ inú àyíká. Ẹ fi okùn yí ìdérí ìkòkò po, ẹ ge okùn náà níbi tó ti pàdé ara rẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ ẹ lé ìbú ìdérí náà. Á tó ìbú náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù. Ìdérí kékeré ni o, táǹkì ńlá ni o, bákan náà ni.

22/7 súnmọ́ ọn gan-an, àmọ́ kì í ṣe òun gan-an. Páì jẹ́ 3.14159 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, 22/7 sì jẹ́ 3.14286. Archimedes, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, ló fi hàn pé páì kéré sí 22/7 díẹ̀, ó sì ju 223/71 lọ díẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó fi àwòrán onígun 96 há òbìrípo mọ́ láti inú àti láti ìta. Ní 1706, William Jones, ará Wales, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì π kọ ọ́. Ní 1761, Johann Lambert fi ẹ̀rí hàn pé kò sí odidi nọ́ńbà méjì tí a lè fi ọ̀kan pín èkejì kó di páì géérégé. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ńbà ẹ̀yìn àmì ẹ̀sún rẹ̀ kì í fi í parí.

Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ náà ní ọ̀nà tiwọn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án kúrò lára dàyámítà, wọ́n á wá fi ìyókù lọ́nà ara rẹ̀. Bí dàyámítà bá jẹ́ 9, ẹ yọ 1, ó ku 8. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. Ìdáhùn tòótọ́ jẹ́ 63.62. Àwọn tí kò ní ẹ̀rọ ìṣirò kankan ló ṣe èyí.

Lórí rédíọ̀sì mítà 10, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 22/7 àti páì gan-an kò ju 0.13 m² lọ nínú 314 m². Bíríkìlà kankan kò lè rí i.

Èwo ni kí ọmọ mi lò nínú ìdánwò?

Èyí tí ìbéèrè bá sọ. Bí wọ́n bá kọ “π = 22/7”, kó lo 22/7; bí wọ́n bá kọ 3.142, kó lo 3.142. Bí wọ́n bá fún un ní rédíọ̀sì 7, 14, 21 tàbí 3.5, 22/7 ló máa rọrùn jù, torí 7 ìsàlẹ̀ á pa rẹ́.

Ṣé r² kì í ṣe r lọ́nà 2?

Rárá. r² ni r lọ́nà r. Bí r bá jẹ́ 7, r² jẹ́ 49, nígbà tí 7 lọ́nà 2 jẹ́ 14. Ìwọ̀n ojú rẹ̀ jẹ́ 22/7 lọ́nà 49, ìyẹn 154.

Ohun tó ń da àwọn ọmọ rú ni àpẹẹrẹ tí rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 2, torí 2 lọ́nà 2 àti 2 pẹ̀lú 2 jọ jẹ́ 4. Ọmọ tó ń ṣe é lódì á rí ìdáhùn tó tọ̀nà, olùkọ́ á sì fún un ní máàkì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi 2 ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé r nìkan la fi ń lọ́nà ara rẹ̀. A kì í fi páì lọ́nà páì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ π × r × r? Ta ló ní kó rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ fi páálí gé òbìrípo kan. Ẹ pín in láti àárín sí ẹ̀là mẹ́rìndínlógún tó dọ́gba. Ẹ wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ṣóńṣó ọ̀kan kọjú sókè, kí ti èkejì kọjú sísàlẹ̀, títí wọ́n á fi tán. Ohun tí ẹ máa rí á fẹ́ jọ páálí onígun mẹ́rin tó gùn. Bí ẹ bá gé ẹ̀là náà wẹ́wẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni á máa jọ ọ́ sí i.

Gíga rẹ̀ jẹ́ rédíọ̀sì, torí láti àárín dé etí lẹ gé ẹ̀là kọ̀ọ̀kan. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì àyíká, torí ìdajì àwọn etí wà lókè, ìdajì wà nísàlẹ̀. Àyíká jẹ́ 2 × π × r, nítorí náà ìdajì rẹ̀ jẹ́ π × r. Ojú onígun mẹ́rin sì ni gígùn lọ́nà gíga: π × r lọ́nà r. A ò fi nǹkan kan kún un, a ò sì yọ nǹkan kan kúrò. Páálí kan náà ni.

Mo rọ gbogbo òbí pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ gé páálí yìí. Ọmọ tó bá ti gé e kì í gbàgbé ìṣirò náà mọ́.

Mo ní póńdù mítà 3 méjì. Bí mo bá fi wọ́n pààrọ̀ mítà 6 kan, ṣé wọ́n dọ́gba?

Wọn ò dọ́gba rárá. Mítà 3 kan jẹ́ 7.07 m², méjì jẹ́ 14.14 m². Rédíọ̀sì mítà 6 jẹ́ 3; 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9; 9 lọ́nà 3.142 jẹ́ 28.28 m². Póńdù mítà 3 mẹ́rin ló tó mítà 6 kan, bí omi wọn bá jìn dọ́gba.

Rédíọ̀sì tí a fi lọ́nà ara rẹ̀ ló fà á. Bó bá di ìlọ́po méjì, ojú á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ojú á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Bó bá sì dín kù sí ìdajì, ìdámẹ́rin ojú ló máa kù. Ẹni tó bá ń sin ẹja ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Ìkòròdú, tí kò bá fẹ́ mọ ìṣirò mìíràn láyé rẹ̀, kó mọ èyí.

Ẹ tún wo etí rẹ̀. Àyíká mítà 3 jẹ́ 9.4 mítà, ti mítà 6 jẹ́ 18.85 mítà. Irin àti tàpólì tó yí ẹ̀gbẹ́ ká kàn di ìlọ́po méjì ni, nígbà tí omi inú rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí póńdù ńlá kan fi máa ń dín owó irin kù ju kékeré mẹ́rin lọ.

Síbẹ̀, ìṣirò kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí àìsàn bá wọ póńdù ńlá kan, gbogbo ẹja ló kàn. Bó bá wọ ọ̀kan nínú mẹ́rin, mẹ́ta ṣì wà. Àwọn àrọ̀ ńlá a sì máa jẹ kéékèèké, nítorí náà ẹni tó fẹ́ máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nílò ju póńdù kan lọ. Èmi á ní méjì ó kéré tán.

Ṣé ọ̀nà kúkúrú wà láti fi òbìrípo méjì wéra?

Ó wà. Ẹ fi dàyámítà kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ sì fi páì sílẹ̀, torí ó wà níbi méjèèjì. Ìyá kan tó ń yan gààrí fẹ́ mọ̀ bóyá agbada sẹ̀ǹtímítà 60 méjì ló dáa ni àbí 90 kan. 60 lọ́nà 60 jẹ́ 3,600. Méjì rẹ̀ jẹ́ 7,200. 90 lọ́nà 90 jẹ́ 8,100. Agbada 90 kan fẹ̀ ju 60 méjì lọ.

Ṣé páìpù ìlàjì ínǹsì méjì á gbé omi tó páìpù ínǹsì kan?

Kò tó. Bí inú wọn bá jẹ́ iye tí a pè wọ́n gan-an, ojú páìpù ínǹsì kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ìlàjì. Nígbà tí omi bá sì ń ṣàn, ara páìpù a máa fà á sẹ́yìn, ti páìpù tín-ínrín sì le jù, nítorí náà mẹ́rin gan-an kò ní fẹ́ tó o. Ẹni tí omi kì í yára dé ilé rẹ̀ láti orí táǹkì, kó kọ́kọ́ wo ìbú páìpù rẹ̀ kó tó fi kún gíga òpó táǹkì.

Mi ò lè dé àárín rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ rédíọ̀sì?

Bí ẹ bá rí ojú rẹ̀, ẹ di orí téèpù mú ní etí kan, kí ẹ máa gbé orí kejì kiri ní etí òdìkejì. Iye tó pọ̀ jù tí ẹ bá rí ni dàyámítà.

Bó bá jẹ́ òpó, igi tàbí táǹkì tí wọ́n ti dé, ẹ fi okùn yí i po, ẹ wọn okùn náà, kí ẹ pín in sí 6.284. Òpó tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 1.57 mítà ní rédíọ̀sì 0.25 mítà. Bí ìwọ̀n ojú nìkan lẹ ń wá, ẹ fi àyíká lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ pín in sí 12.57.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ojú ríìngì kànga, tí inú rẹ̀ ṣófo?

Ní Àgbádárìgì, níbi tí iyanrìn ti pọ̀, ríìngì ló ń gbá kànga mú kó má wó, ìbéèrè yìí sì máa ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dà á wá. Ẹ wá ojú òbìrípo ti ìta, ẹ wá ti inú, kí ẹ yọ ti inú kúrò nínú ti ìta.

Ká ní láti àárín dé etí ìta jẹ́ mítà 0.55, láti àárín dé etí inú jẹ́ 0.45. 0.55 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 0.3025, 0.45 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 0.2025. Ẹ yọ ọ́, ó ku 0.1. Ẹ fi í lọ́nà páì: 0.314 m². Bí ríìngì kan bá ga ní mítà 0.6, kọnkéré tó wọ inú rẹ̀ jẹ́ 0.188 mítà onígun mẹ́fà (m³), ìyẹn àyè tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ṣe yọ 0.45 kúrò nínú 0.55 kí ẹ tó fi lọ́nà ara rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, 0.031 lẹ máa rí, ìdá kan nínú mẹ́wàá òtítọ́. Sìmẹ́ǹtì á tán nígbà tí iṣẹ́ ò tíì dé ibì kan.

Lítà omi mélòó ló máa gbà?

Ẹ fi ìwọ̀n ojú lọ́nà jíjìn omi, kí ẹ wá fi ohun tó jáde lọ́nà 1,000. 7.07 m² tí omi rẹ̀ jìn ní mítà kan gba lítà 7,070. Jíjìn omi ni kí ẹ lò, kì í ṣe gíga tàpólì, torí a kì í bu omi dé ẹnu.

Bó bá jẹ́ póńdù tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, tí òkè fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ ro rédíọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fi ìyẹn ṣe é. Rédíọ̀sì òkè mítà 3, rédíọ̀sì ìsàlẹ̀ mítà 2, jíjìn mítà 1.2: ẹ máa rí lítà 23,560. Ìṣirò tó pé pérépéré jẹ́ 23,880. Ìyàtọ̀ náà kéré.

Ẹsẹ̀ bàtà ni téèpù mi. Ṣé kí n ṣe é tán kí n tó yí i sí mítà?

Ó dáa kí ẹ yí rédíọ̀sì gan-an kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 0.3048 mítà. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ rántí pé mítà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3.28, àmọ́ mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ 10.76 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Bákan náà, 1 m² jẹ́ 10,000 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, kì í ṣe 100.

Mo mọ ìwọ̀n ojú tí mo fẹ́. Rédíọ̀sì wo ni kí n lò?

Ẹ rìn ín padà. Ẹ pín ìwọ̀n ojú sí 3.142, kí ẹ wá wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi í lọ́nà ara rẹ̀, iye yẹn la máa rí. Fún 20 m²: 20 pín sí 3.142 jẹ́ 6.365. Nọ́ńbà náà jẹ́ 2.52. Ẹ so okùn mítà 2.52 mọ́ èèkàn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmì √ ń bẹ lórí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín.

Ohun tí mo ní kò róbótó tán; ó gùn lápá kan.

Bó bá gùn bí ẹyin, ẹ wọn ìbú tó gùn jù àti ìbú tó kúrú jù, tó dábùú rẹ̀ ní àárín. Ẹ pín méjèèjì sí méjì, ẹ fi ọ̀kan lọ́nà èkejì, kí ẹ sì fi ohun tó jáde lọ́nà páì. Mítà 6 sí mítà 4: 3 lọ́nà 2 jẹ́ 6; 6 lọ́nà 3.142 jẹ́ 18.85 m².

Bí mo bá ṣi rédíọ̀sì wọ̀n díẹ̀, ṣé ó ṣe nǹkan?

Àṣìṣe inú rédíọ̀sì a máa di nǹkan bí ìlọ́po méjì nínú ìwọ̀n ojú. Bí ẹ bá wọn 1.55 dípò 1.5, ẹ ti fi ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún kún rédíọ̀sì, ojú á wá jẹ́ 7.55 dípò 7.07, ìyẹn ìdá 6.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wọn dàyámítà níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ mú ìdámẹ́ta àpapọ̀ wọn.

Wọ́n ní Erédò Súǹgbọ́ gùn tó 160 km. Ṣé mo lè fi ìyẹn nìkan mọ bí ilẹ̀ inú rẹ̀ ṣe tóbi tó?

Ọmọ ilé ìwé kan ló béèrè èyí, ìbéèrè tó dáa gan-an ni. Gígùn etí nìkan kò lè sọ ìwọ̀n ojú, àfi bí ẹ bá mọ̀ pé òbìrípo gan-an ni. Odi àti yàrà Erédò yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ po, ó sì dé àgbègbè Ẹ̀pẹ́ níbí, àmọ́ kò róbótó géérégé.

Ohun tí ẹ lè mọ̀ dájú ni ibi tí kò lè kọjá. Nínú gbogbo àwòrán tí etí wọn gùn dọ́gba, òbìrípo ló ń gba ojú jù. Okùn mítà 24 tí a fi ṣe onígun mẹ́rin tó dọ́gba ń gba 36 m². Bí a bá fi ṣe òbìrípo, ó ń gba 45.8 m². Nítorí náà, odi 160 km kò lè gba ju 160 lọ́nà 160, pín sí 12.57, tó jẹ́ nǹkan bí 2,037 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Láti àríwá dé gúúsù, ilẹ̀ inú Erédò jẹ́ nǹkan bí 40 km. Òbìrípo tí dàyámítà rẹ̀ jẹ́ 40 km ní àyíká 125.7 km, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 1,257 kìlómítà onígun mẹ́rin. Odi náà gùn ju àyíká yẹn lọ dáadáa, torí ó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bó ṣe ń lọ. Bí odi bá ṣe ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni gígùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i láìfi ilẹ̀ kún èyí tó wà nínú rẹ̀.